Ìsọdọmọ: Bí Ọ̀rọ̀ Kan Ṣe Dé Inú Bíbélì Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Nínú gbogbo àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ Ìwé Mímọ́ di Yorùbá, bóyá ni a lè rí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ òwe yìí lára ju Samuel Àjàyí Crowther lọ. Ní ọdún 1850 ni wọ́n tẹ ìtumọ̀ tí ó ṣe fún Ìwé Róòmù jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní orí kẹjọ ìwé náà ni Pọ́ọ̀lù ti gbé ẹrú àti ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ó sì sọ pé onígbàgbọ́ kì í ṣe ẹrú tí ń gbọ̀n níwájú olówó rẹ̀, bí kò ṣe ọmọ tí ó lè ké pe Ọlọ́run ní Ábà, èyí tí í ṣe Baba ní èdè Árámáíkì. Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá fi ń pe ipò yìí ni ìsọdọmọ.

Pọ́ọ̀lù kò rí ọ̀rọ̀ yìí he nínú Òfin Mósè, nítorí Òfin náà kò ní ìlànà kankan fún gbígba ọmọ ọlọ́mọ ṣe ọmọ. Àwọn ará Róòmù ni wọ́n ní in, wọn kò sì fi ṣeré. Ẹni tí a bá sọ dọmọ láàárín wọn ti bọ́ kúrò lábẹ́ àṣẹ baba tí ó bí i. Ó gba orúkọ tuntun, ó sì di àrólé bí ẹni pé inú ilé náà ni a bí i sí. Ní ọdún 50 lẹ́yìn ikú Olúwa wa ni a ìbá wí, àmọ́ kàlẹ́ńdà kò kà á bẹ́ẹ̀: ní ọdún 50 láti ìbí Rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kà á, ni Claudius ọba Róòmù sọ ọmọ ìyàwó rẹ̀ dọmọ, tí ó sì sọ ọ́ ní Nero. Claudius bí Britannicus lọ́mọ, síbẹ̀ Nero ni ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 54. Ní nǹkan bí ọdún 57 ni Pọ́ọ̀lù kọ ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù. Àwọn tí a kọ ọ́ sí mọ̀ dájú pé ẹni tí ń ṣàkóso lórí wọn kì í ṣe ọmọ bíbí ọba tí ó jẹ ṣáájú rẹ̀. Ìwà Nero burú, èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wí pé kì í ṣe àrólé.

Ohun kan tún wà nínú òfin Róòmù yìí tí ó yẹ fún àkíyèsí. Bí baba bá fẹ́ yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ní láti tà á ní títà àfiṣàmì nígbà mẹ́ta, pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti owó bàbà. Lẹ́yìn títà àkọ́kọ́ àti èkejì, ẹni tí ó rà á yóò dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, àṣẹ baba ti tán lórí rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ ẹ yóò sì gbà á níwájú adájọ́. Ọ̀nà ọjà ni ọmọ náà gbà dé ilé baba tuntun.

Báwo ni a ó ṣe wí èyí ní Yorùbá? Yorùbá mọ ọmọ àgbàtọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbàtọ́ kò pàdánù ilé rẹ̀: oríkì baba rẹ̀ ni a fi ń kì í, ilé baba rẹ̀ ni ogún rẹ̀ sì wà. Ìwọ̀fà ńkọ́? Iṣẹ́ ni tirẹ̀ títí owó yóò fi san. Bí ìtumọ̀ náà bá ti lo àgbàtọ́, inú rere Ọlọ́run ìbá hàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogún, èyí tí Pọ́ọ̀lù gbé ka iwájú jù, ìbá sọnù. Ìsọdọmọ kò jẹ́ kí ó sọnù. Ohun tí a bá sọ di nǹkan mìíràn kì í ṣe ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Kì í ṣe Crowther nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ Bíbélì náà. Thomas King wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ ìgbé ayé Crowther fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀.

Ní 1821 ni ogun kó ìlú Òṣoògùn. Gẹ́gẹ́ bí Crowther ti ròyìn nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, baba rẹ̀ sáré wá sí ilé láti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́. Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì pín wọn níyà. Wọ́n fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Láti ọwọ́ olówó kan sí òmíràn ni ó ń bọ́ títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Potogí sì rà á. Títà tirẹ̀ kì í ṣe ti àfiṣàmì. Ní oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1825. Ó gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù, nítorí orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ìsọdọmọ tirẹ̀ kò pa ilé tí ó ti wá rẹ́ bí ti Róòmù.

Ní oṣù kẹjọ 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyá rẹ̀, Àfàlá, rí i ní Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti dé gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, bí ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Ìwé Róòmù jáde. Hánà kú ní Èkó ní 1883. Ní 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde.