Àáké Ta Ló Wà Lọ́wọ́ Báǹkì?

“Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.” Òwe yìí kò jìnnà sí ìlànà kan tí àwọn amòfin Ìsìláàmù ti ń tẹ̀ lé tipẹ́: ẹni tí kò bá ru ewu òwò kò lẹ́tọ̀ọ́ sí èrè rẹ̀. Orí ìlànà yìí ni báǹkì tí kì í gba èlé dúró lé. Ní Nàìjíríà, Jaiz ṣílẹ̀kùn ní oṣù kìíní 2012. TAJBank tẹ̀ lé e ní 2019, Lotus Bank ní 2021.

Ká mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìlú Òrè, níbi tí pákó àti kòkó ti ń gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ilé. Ká ní onípákó kan nílò ẹ̀rọ ìlagi. Báǹkì kò ní yá a lówó. Yóò ra ẹ̀rọ náà ní mílíọ̀nù 10 náírà, yóò sì tà á fún un ní mílíọ̀nù 12, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì. Muràbáhà nìyẹn. Bí onípákó bá fi owó falẹ̀, mílíọ̀nù 12 kò gbọdọ̀ di 13. Owó ìtanràn tí wọ́n bá gbà, ìtọrẹ àánú ni wọ́n ń fi ṣe.

Àmọ́ muràbáhà náà ní ewu tirẹ̀. Láàárín 2022 sí 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé láti 11.5 dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Báǹkì tó ti dá iye lé ọjà kò lè yí i padà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó fowó pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ ń rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà ní báǹkì elélèé. Kí wọ́n má baà kó owó wọn lọ, ó lè bù fún wọn nínú ìpín àwọn tó ni báǹkì. Kò sí gbèsè tó bàjẹ́, síbẹ̀ èrè ti lọ.

Ti múdàrábà tún le jù. Báǹkì kówó sílẹ̀, oníkòkó ṣòwò, wọ́n pín èrè bí àdéhùn. Bí àdánù bá dé láìsí àìbìkítà oníkòkó, báǹkì nìkan ni owó rẹ̀ ṣòfò. Tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé ní oṣù Kejìlá 2024. Nígbà tí 2025 fi ń parí lọ, ó ti já wá sí nǹkan bí ìdajì; báǹkì tó bá kówó sí kòkó nígbà tó wọ́n ni àdánù náà ì bá bá. Abájọ tí muràbáhà fi pọ̀ ju múdàrábà lọ káàkiri àgbáyé.

Àwọn kan ní ojo ni báǹkì wọ̀nyí. N kò gbà. Ẹni tó ni àáké ni òwe náà ń bá wí. Àáké ọwọ́ báǹkì, ti aláṣọ àti àgbẹ̀ tó fowó pamọ́ ni. Dandan ni kó máa wo ẹnu rẹ̀.

Àmọ́ ibi ìfowósí tí ewu rẹ̀ kéré ti wà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, ìjọba àpapọ̀ ta sukuk (ìwé ìdókòòwò tí kò ní èlé) àkọ́kọ́, 100 bílíọ̀nù náírà; apá kan rẹ̀ ni wọ́n fi tún ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní tó gba Òrè kọjá ṣe. Báǹkì tó bá fi púpọ̀ nínú owó rẹ̀ sí irú èyí lè fi ìwọ̀nba bá oníkòkó Òrè ṣe múdàrábà, kó ti kọ iye tó lè sọnù sílẹ̀ kí ọjà tó ṣí.