Ìka Tó Ṣẹ̀ àti Ọwọ́ Tó Gbẹ́rù: Góòlù Odiye ní Èkó, 1977, àti Ìtàn Àṣìṣe nínú Eré Ẹlẹ́gbẹ́

Ìfáárà

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá kan àwọn tó ń ta ayò kì í kọjá láìkí wọn. Yóò ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ." Èsì tí yóò gbà ni pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn." Ẹni tí ó mọ ayò ta ni ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ni ọ̀pẹ. Òfin kan wà nínú ìkíni yìí: ẹni tí ó ṣi ayò ta kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Yóò dákẹ́ ni, yóò sì máa gba ẹ̀fẹ̀ àwọn òǹwòran mọ́ra. Òfin náà kò burú nínú ayò, nítorí pé ènìyàn méjì péré ní ń ta á. Ẹni tí ó ṣi ọmọ ayò gbé, ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ni ó fi gbé e.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá gbé òfin ọ̀pẹ lọ sínú eré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jùmọ̀ ń ṣe ní orúkọ orílẹ̀-èdè? Òwe méjì ni Yorùbá ní lórí ọ̀rọ̀ náà, ojú wọn kò sì sí níbì kan. Èkíní ní, "Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé." Èkejì ní, "Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí." Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ púpọ̀ ló gbé ẹrù, tí ẹrù sì já, ìka ta ni kí ọba gé? A ó fi ìtàn góòlù kan tí ó wọlé ní Èkó ní ọdún 1977 ṣe àgbéyẹ̀wò ìbéèrè yìí, a ó sì fi àṣìṣe inú ìdíje ayò ṣẹ́ẹ̀sì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àfiwé rẹ̀.

Láti Oníkàn dé Sùúrùlérè

Kí a tó kọ́ Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè sí Sùúrùlérè, Oníkàn ní Erékùṣù Èkó ni ojú gbogbo olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń wò. Orúkọ Ọba George Karùn-ún ni wọ́n fi sọ pápá tó wà níbẹ̀; Mobolaji Johnson Arena ni à ń pè é lónìí. Kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹsẹ̀ lásán ń gbé ènìyàn débẹ̀. Òǹwòran bọ́ọ̀lù kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òǹwòran ayò: ẹnu ni àwọn méjèèjì fi ń bá wọn ṣe eré náà.

Ìtìjú kò ṣàjèjì sí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà láti ìgbà náà. Ní 1955, ní Accra, Gold Coast tí ó di Gánà lẹ́yìn náà fi góòlù 7 sí òdo na Nàìjíríà. Síbẹ̀, kò sí orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan tí ó di ọ̀rọ̀ ìfiṣẹlẹ́yà nítorí ìyà ọjọ́ náà. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn. Góòlù 7 pọ̀ ju ẹrù tí a lè dì lé ẹnìkan lórí lọ, nítorí náà gbogbo ilé ló pín ìtìjú náà. Góòlù kan ṣoṣo ló ń rọrùn láti dì lé orí ẹnìkan.

Ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, 1977

Ọdún ìgbéraga ni 1977 jẹ́ fún Èkó. Owó epo ń wọlé. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún náà ni wọ́n ṣí FESTAC ní pápá Sùúrùlérè, tí àwọn ènìyàn dúdú láti ìhà gbogbo àgbáyé sì pé síbẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, pápá kan náà ni Nàìjíríà ti gba Tùnísíà lálejò. Ààyè kan ṣoṣo ni Áfíríkà ní nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tí yóò wáyé ní Ajẹntínà ní 1978. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló kù tó ń du ààyè náà: Nàìjíríà, Tùnísíà àti Íjíbítì. Ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò bá èkejì gbá á nílé àti lóko. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Nàìjíríà yóò gbá kẹ́yìn ni ti ọjọ́ náà.

Bọ́ọ̀lù kan fò wọ iwájú ilé Nàìjíríà. Godwin Odiye, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀yìn, fi orí gbá a kí ó lè jáde. Kò jáde. Inú àwọ̀n ilé ara wọn ló wọ̀, Emmanuel Okala tí ń ṣọ́lé kò sì rí i mú. Bẹ́ẹ̀ ni eré náà parí ní 1 sí òdo. Tùnísíà lọ sí Ajẹntínà, ó fi 3 sí 1 na Mẹ́síkò ní Rosario, ó sì di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ọdún 1994 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé irú ìdíje bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Odiye ti kúrò ní orúkọ ènìyàn lásán lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ó di ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe góòlù tí ènìyàn gbá sílé ara rẹ̀. Àwa tí ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ bí orúkọ àdáni ṣe ń di ọ̀rọ̀ àjùmọ̀lò, ṣùgbọ́n a kì í sábà béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni orúkọ náà bóyá ó fi tọrẹ. Ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Ní ibòmíràn, ohun tó ju ẹ̀fẹ̀ lọ ló ṣẹlẹ̀. Ní 1994, Andrés Escobar ti Kòlóńbíà gbá bọ́ọ̀lù sílé ara wọn nínú eré tí wọ́n bá Amẹ́ríkà gbá; kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi yìnbọn pa á ní Medellín. Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ìbọn, ṣùgbọ́n ìrònú kan náà ló wà nídìí àwọn méjèèjì: pé ìka kan ṣoṣo ló ṣẹ̀.

Ohun tí àkọsílẹ̀ fi hàn

Àwọn àgbà ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn." Ẹ jẹ́ kí àwa náà wo ẹ̀yìn. Nàìjíríà àti Tùnísíà ti gbá òmì 0 sí 0 ní Tunis. Nàìjíríà fi 4 sí òdo na Íjíbítì ní Èkó. Íjíbítì fi 3 sí 1 gbẹ̀san ní Cairo. Lẹ́yìn èyí ni ti ọjọ́ Odiye. Góòlù 5 ni Nàìjíríà jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, 4 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ìgbà méjèèjì tí wọ́n pàdé Tùnísíà, odidi 180 ìṣẹ́jú, wọn kò jẹ góòlù kankan. Ẹni tí kò bá jẹ góòlù kò lè borí, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ le bí àpáta.

Ẹ jẹ́ kí a tún ìṣirò náà ṣe. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti Èkó, Íjíbítì fi 3 sí 2 na Tùnísíà, Tùnísíà sì fi 4 sí 1 na Íjíbítì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Tùnísíà ní àmì 5, Íjíbítì ní 4, Nàìjíríà ní 3. Bí a bá yọ góòlù Odiye kúrò, tí eré náà di òmì, tí gbogbo èsì yòókù sì dúró bí wọ́n ṣe wà, àmì 4 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìbá ní. Nàìjíríà ìbá ti jẹ góòlù 5, wọn ìbá sì ti jẹ 3 lára rẹ̀. Tùnísíà ìbá ti jẹ 6, wọn ìbá sì ti jẹ 4 lára tirẹ̀. Góòlù méjì ni ìyàtọ̀ tí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ìbá ní, Tùnísíà ni góòlù rẹ̀ ìbá sì pọ̀ jù. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó lè búra pé àwọn èsì tó tẹ̀lé e kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí tó láti fi hàn pé orí Odiye nìkan kọ́ ló sé ọ̀nà Ajẹntínà mọ́ Nàìjíríà.

Eré tí kì í gbàgbé

Kí ló dé tí ìṣirò yìí kò fi sí lẹ́nu àwọn ènìyàn? Ìdí ni pé ohun tí ojú rí lẹ́ẹ̀kan ni ẹnu ń gbé. Kì í gbé ohun tí a ní láti kà pọ̀. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì yàtọ̀ ní ti èyí. Nínú ìdíje rẹ̀, òṣèré a máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà àṣìṣe kì í dá dúró. Àwọn ìgbésẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ àti àwọn tó tẹ̀lé e a máa wà níwájú ẹni tó ń kà á. Nínú Olympiad ayò náà, òṣèré mẹ́rin ní ń jókòó fún orílẹ̀-èdè kan lẹ́ẹ̀kan náà, àbájáde ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la sì ń pa pọ̀.

Ọ̀ta pàápàá ń ṣì í ta níbẹ̀. Ní 2003, nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní Plovdiv, fóònù Ruslan Ponomariov dún bí ó ti ń bá Evgeny Agrest ti Sweden ta, wọ́n sì kà á sí ẹni tó pàdánù. Òun ni FIDE mọ̀ sí ọ̀gá àgbáyé nígbà náà. Ní 2022, ní Chennai, Gukesh ọmọ ọdún 16 ń ta fún ẹgbẹ́ kejì Íńdíà. Ní ìpele kẹwàá nínú mọ́kànlá, ọwọ́ rẹ̀ ni eré wà nígbà tí ó bá Abdusattorov ti Uzbekistan pàdé. Ó gbé ẹṣin rẹ̀ sí ojú tí kò yẹ, ó sì pàdánù. Uzbekistan gba wúrà. Idẹ ni ẹgbẹ́ Gukesh gbà. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kan náà fi hàn pé òun ló gba wúrà ẹnìkọ̀ọ̀kan lórí pátákó kìíní. Ní 2024, ó wà nínú ẹgbẹ́ Íńdíà tí ó gba wúrà ní Budapest, ó sì di ọ̀gá àgbáyé ní Singapore nígbà tí Ding Liren náà ṣi ọmọ ayò gbé nínú eré tó kẹ́yìn.

Nàìjíríà náà ní ìpín nínú àkọsílẹ̀ yìí. Odion Aikhoje gba wúrà lórí pátákó kejì nínú Olympiad ti Elista ní 1998. Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ rẹ̀ bí a ti mọ ti Odiye?

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí a rí kọ́ ni pé òfin ọ̀pẹ, tí ó bá ayò mu, kò bá eré ẹlẹ́gbẹ́ mu. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, àṣìṣe tí ojú rí máa ń bo àìṣedéédéé tí ojú kò rí. Ìka tó kan bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ni a ń gé, nígbà tí ọwọ́ yòókù tí kò gbẹ́rù dáadáa ń bá wa wá ọ̀bẹ. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa tí ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí a bá bá orúkọ ènìyàn pàdé nínú ẹ̀fẹ̀ tàbí àkànlò èdè, iṣẹ́ wa kò parí síbi ìtumọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí a wá àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà lọ.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, 1980, ní pápá Sùúrùlérè kan náà, Nàìjíríà fi 3 sí òdo na Algeria, ó sì gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Godwin Odiye wà lára àwọn tí a yàn fún ìdíje náà. Àkọsílẹ̀ ti gba ẹnu sọ̀rọ̀ fún un. Ó kù sọ́wọ́ àwa tí ń kà á láti jẹ́ kí ó fọhùn.