Ilé Méjì, Orúkọ Kan: Ìtàn Alùpùpù Triton àti Ìmọ̀ Ọwọ́ Àwọn Tí Ó Ni Ín

Àṣamọ̀

Triton ni orúkọ alùpùpù asáré kan tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mú ẹ́ńjìnnì Triumph, tí wọ́n gbé e sínú férémù Norton, ní pàtàkì láàárín ọdún 1950 sí 1970. Àpilẹ̀kọ yìí lo ìtàn náà láti jiyàn pé ìtàn ẹ̀rọ kì í parí sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tí ó ti jáde: ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, tí ó ń tọ́jú rẹ̀, tí ó sì ń pa ìrísí rẹ̀ dà, wà lára àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó sì fi hàn pé ìpinnu tí ẹni tí ó ni Triton àtijọ́ bá ṣe lónìí lè pa ẹ̀rí ìtàn mọ́, ó sì lè pa á rẹ́.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé méjì ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ alùpùpù yìí lórúkọ. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, Tri, wá láti ara Triumph, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Meriden, nítòsí Coventry. Ìparí rẹ̀, ton, wá láti ara Norton, tí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ wà ní Bracebridge Street ní Birmingham nígbà náà. Ilé iṣẹ́ méjèèjì ń bá ara wọn díje lọ́jà ni. Wọn kò jókòó pọ̀ láti pète Triton. Àwọn tí ó fi owó ara wọn ra ọjà lọ́wọ́ méjèèjì ni wọ́n bá wọn so yìgì.

Bí a ṣe sábà máa ń kọ ìtàn ẹ̀rọ, ìbéèrè mẹ́ta ni a máa ń dáhùn: ta ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ọdún wo, àti níbo? David Edgerton tako ọ̀nà yìí nínú ìwé rẹ̀, The Shock of the Old (2006). Ó ní kí òpìtàn wo ẹ̀rọ ní àsìkò tí a ń lò ó, kí ó sì fún iṣẹ́ ìtọ́jú àti àtúnṣe ní ipò tí ó tọ́ sí i. Èrò yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dúró lé. Kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti gbà, nítorí pé nínú èdè wa, ìró tí ẹ̀rọ náà ń ké nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ni ó bí orúkọ náà, alùpùpù. Kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é.

Férémù tí kò ní ẹ́ńjìnnì

Ní ọdún 1950, Norton gbé férémù tuntun jáde fún alùpùpù ìdíje rẹ̀ tí ń jẹ́ Manx. Rex McCandless, ará Àríwá Ireland, ni ó ṣe é. Páìpù irin méjì tí a jó mọ́ra ni ó yí ẹ́ńjìnnì ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí sì mú kí alùpùpù náà dúró gbọn-in bí ó bá ń yí kọ́nà lórí eré. Harold Daniell, ọ̀kan lára àwọn tí ń bá Norton díje, fi gígùn rẹ̀ wé bẹ́ẹ̀dì oníyẹ̀ẹ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Featherbed. Ní ọdún kan náà, Geoff Duke fi í gba ipò kìíní nínú ìdíje Senior TT ní Isle of Man. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Norton fi lo irú férémù bẹ́ẹ̀ fún Dominator, èyí tí ó wà fún ojú títì.

Ní àsìkò yìí kan náà, àwọn tí ń fi ọkọ̀ kékeré díje nínú Formula 3, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 500 cc lọ, ń wá ẹ́ńjìnnì Manx lójú méjèèjì. Norton kò sì tà á lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ́ńjìnnì ní láti ra odindi alùpùpù, kí ó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ó sì wá ẹni tí yóò ra ìyókù. Báyìí ni férémù tí ó gbayì jù lọ nígbà náà ṣe di ohun tí a lè rí rà láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tí ó yẹ ẹ́ wà lọ́dọ̀ Triumph. Láti ọdún 1937, nígbà tí Edward Turner gbé Speed Twin jáde, ni àwọn ènìyàn ti mọ ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjì yìí sí èyí tí ó fúyẹ́ tí ó sì yára. Bonneville ti ọdún 1959 gbé e ga sí i: 649 cc, kábúrétọ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí àwọn tí ń gun Triumph máa ń rò ni pé férémù rẹ̀ kò dúró bí ti Norton. Ọ̀kan ní agbára, èkejì ní ìdúró. Ẹni tí ó bá ní owó díẹ̀ àti ìmọ̀ ọwọ́ mọ ohun tí ó kù.

Ìṣẹ̀dá àti ìtọ́jú

Sísọ ọ́ rọrùn ju ṣíṣe é lọ. Ihò bóòtù ẹ́ńjìnnì Triumph kò bá ti férémù Norton mu. Ẹni tí ń ṣe Triton ní láti gé alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, kí ó lu ihò sí i, kí ó sì fi gbé ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì dúró. Títí di ọdún 1963, ọ̀tọ̀ ni ẹ́ńjìnnì, ọ̀tọ̀ ni gíábọ́ọ̀sì lára àwọn Triumph 650 cc. Méjèèjì gbọdọ̀ wà ní ìlà kan pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn. Bí ìlà náà bá wọ́, ṣéènì yóò máa jẹ eyín irin tí ń gbé e yí, ó sì lè já lórí eré.

Lẹ́yìn èyí ni ẹwà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹwà náà sì nídìí. A rẹ ọwọ́ alùpùpù náà sílẹ̀ kí ẹni tí ń gùn ún lè tẹ̀ síwájú, kí afẹ́fẹ́ má baà dá a dúró. A sún ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sẹ́yìn kí ara lè bá ìtẹ̀síwájú náà mu. Ohun tí kò bá ràn án lọ́wọ́ láti sáré, a yọ ọ́ kí ó lè fúyẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ tòótọ́. Písítọ̀nù méjèèjì inú ẹ́ńjìnnì Triumph jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀ ni, èyí sì máa ń mú kí ó gbọ̀n. Gbígbọ̀n ń tú nọ́ọ̀tù, nítorí náà ẹni tí ó ni ín gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Sípánà Whitworth ni ó ń lò, nọ́ńbà tí ó sì wà lára sípánà náà kì í ṣe ìwọ̀n orí nọ́ọ̀tù bí kò ṣe ti bóòtù tí ó wọ inú rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fún ṣéènì iwájú le, gíábọ́ọ̀sì ni yóò sún sẹ́yìn. Bí ó bá sì ti sún un, ṣéènì ẹ̀yìn ti dẹ̀, ó di dandan kí ó tún ìyẹn náà ṣe. Nínú kíráńkì, páìpù kékeré kan wà tí ìdọ̀tí ọ́ìlì ń kó sí. A kì í rí i láìtú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ pátápátá. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ lè kun alùpùpù rẹ̀ títí yóò fi máa dán, kí ọ̀nà ọ́ìlì dí, kí ẹ́ńjìnnì náà sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti dúró ti mẹkáníìkì níbi iṣẹ́ rí mọ irú ìmọ̀ yìí: etí àti ọwọ́ ni ó ń gbé, kì í ṣe ìwé nìkan.

Àwọn tí ó ni ín

Ace Cafe, lẹ́bàá North Circular Road ní London, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn oní-Triton ń pàdé. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1938, bọ́ǹbù wó o nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì tún un kọ́ ní ọdún 1949. Ìfẹ́ ọkàn ọ̀pọ̀ wọn ni láti sá eré 100 máìlì ní wákàtí kan, èyí tí wọ́n ń pè ní ton. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1959 ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ M1. Kò sí òfin tí ó dín eré kù lórí rẹ̀ títí di oṣù kejìlá ọdún 1965.

A kò gbọdọ̀ fi adùn ìtàn bo òótọ́ mọ́lẹ̀: àwọn kan kú lórí títì, ọ̀dọ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ní ọdún 1961, ìjọba fòfin de ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ alùpùpù pé kò gbọdọ̀ gun èyí tí ó ju 250 cc lọ. Ní ọdún 1962, àlùfáà Bill Shergold ṣí ilẹ̀kùn 59 Club ní Hackney Wick fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ ibòmíràn ti ń lé jáde. Lẹ́yìn ìjà wọn pẹ̀lú àwọn Mods ní etíkun Clacton àti Brighton ní ọdún 1964, ìwé ìròyìn sọ wọ́n di ẹni ẹ̀rù. Stanley Cohen fi hàn nínú Folk Devils and Moral Panics (1972) bí ìròyìn ṣe bù mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n etíkun ni ìwé náà gbájú mọ́, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dọ́ tí ó lo òru méje láti mú ṣéènì tọ́ kò ní ìròyìn kankan nínú.

Ní ọdún 1965, ẹ̀rí mìíràn jáde. Dave Degens, tí ń ṣe Triton tà lábẹ́ orúkọ Dresda, àti Rex Butcher fi Triton gba ipò kìíní nínú ìdíje wákàtí mẹ́rìnlélógún ní Barcelona. Alùpùpù tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn sáré fún odidi ọjọ́ kan àti òru kan, kò sì bàjẹ́.

Èwo ni ojúlówó?

Nígbà tí Honda gbé CB750 jáde ní ọdún 1969, ẹni tí ó bá lówó lè ra eré pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ láìdọ́tí ọwọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ace Cafe kógbá sílé. Ó di ọdún 2001 kí ó tó tún ṣí. Ní ọdún 1973, ìṣòro owó sọ Norton àti Triumph di ọmọ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, Norton Villiers Triumph. Ohun tí àwọn ọ̀gá so pọ̀ nígbà tí ilé ń jó, àwọn ọ̀dọ́ ti so ó pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú.

Lónìí, ìbéèrè kan ń dúró de ẹni tí ó bá jogún Triton tàbí tí ó rà á. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti Triumph, ti férémù jẹ́ ti Norton. Ojú ẹni tí ó gbà pé ilé iṣẹ́ nìkan ni ó ń ṣẹ̀dá yóò rí i bí alùpùpù méjì tí ó bàjẹ́, tí ó yẹ kí a dá padà sí ipò wọn. Ṣùgbọ́n tí ó bá tú u, kí ni yóò ṣe alumíníọ̀mù tí ẹnì kan fi ayùn ọwọ́ gé? Kò sí nínú ìwé Triumph, kò sí nínú ti Norton. Lára Triton yìí nìkan ni ìmọ̀ ẹni náà kù sí, nítorí pé kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìpinnu ilé iṣẹ́ kan láti má ta ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, àìtẹ́lọ́rùn àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ kejì, àti ìmọ̀ ọwọ́ àwọn tí kò lórúkọ nínú ìwé ni wọ́n pàdé tí Triton fi wáyé. Fún àwa tí ń kọ ìtàn ní èdè Yorùbá, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ wa náà ti ń pa alùpùpù dà fún ọ̀pọ̀ ọdún láti bá ọ̀nà wa àti ẹrù wa mu, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni a sì kọ sílẹ̀. Kí a tó máa bi ìwé ilé iṣẹ́ léèrè, ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ bi ọwọ́ tí ń di sípánà mú, nígbà tí ẹni tí ó ni ọwọ́ náà ṣì lè dá wa lóhùn.