108: Nọ́ńbà tó ń pàdé èèyàn láti tẹ́ńpìlì dé tẹ́ńpìlì

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nọ́ńbà kan lónìí: 108. Mẹ́jọlélọ́gọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò lọ sáwọn tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà, láti Thailand dé Cambodia, láti Bhutan dé Jàpáànù, ẹ máa bá a pàdé léraléra. Wọn ò kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri o. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á ló máa rí i. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ wá ìjókòó.

2/
Bangkok la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ní tẹ́ńpìlì tí wọ́n ń pè ní Wat Pho, ère Búdà kan wà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó ń sinmi. Wúrà ni wọ́n fi bò ó, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 46. Ayé Ọba Rama Kẹta ni wọ́n ṣe é, ní 1832. Ẹ lọ sídìí ẹsẹ̀ rẹ̀: wọ́n fi ìkarawun tó ń dán ṣe iṣẹ́ ọnà sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àmì ire 108 ló wà níbẹ̀.

3/
Tẹ́ ẹ bá wá yí sẹ́yìn ère náà, ẹ máa rí abọ́ idẹ tí wọ́n tò lọ gbọọrọ. Mélòó? 108. Àwọn èèyàn á ṣẹ́ owó sí ẹyọ wẹ́wẹ́, wọ́n á máa rìn lọ, wọ́n á máa sọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Kíń. Kíń. Kíń. Èèyàn ò lè fi ìkánjú ṣe é. Ẹ rántí ìró yẹn, torí iṣẹ́ tí nọ́ńbà yìí ń ṣe wà nínú ẹ̀.

4/
Ó di Cambodia. Ìlú àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Angkor Thom. Ọba Jayavarman Keje, tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà, ló kọ́ ọ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Yàrà ni wọ́n gbẹ́ yí i ká. Lójú ọ̀nà tó gba orí yàrà náà dé ẹnubodè, ère òkúta tò sọ́tùn-ún sósì: àwọn ẹni ọ̀run 54 lápá kan, àwọn ọ̀tá wọn 54 lápá kejì, apá kọ̀ọ̀kan di ejò ńlá mú bí ẹni tó ń fa okùn. 54 àti 54. Ẹ ṣírò ẹ̀.

5/
Kò jìnnà síbẹ̀, lórí òkè Phnom Bakheng, tẹ́ńpìlì kan wà tó fi nǹkan bíi 300 ọdún ju ìyẹn lọ. Ilé gogoro kan ló wà láàárín, 108 míì sì yí i ká. Ṣùgbọ́n Búdà kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún níbẹ̀rẹ̀. Shiva ni, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá ẹ̀sìn Híńdù. Ẹ fi ìyẹn sápò ná, a máa padà sí i.

6/
Ní Tibet ńkọ́? Àkójọ ọ̀rọ̀ Búdà tí wọ́n ń pè ní Kangyur, ìdìpọ̀ 108 ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó jẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn tún sọ pé Ọba Songtsen Gampo, tó jẹ ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje, kọ́ tẹ́ńpìlì 108 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí nìdí? Abo ẹ̀mí burúkú kan ló nà gbalaja sórí ilẹ̀ wọn, tẹ́ńpìlì wọ̀nyẹn ni ìṣó tí wọ́n fi kàn án mọ́lẹ̀. Méjì nínú ẹ̀ ṣì wà ní Bhutan dòní: Kyichu ní Paro, Jambay ní Bumthang.

7/
Ó wá kan Jàpáànù, ibi tí nọ́ńbà yìí ti ń dún sétí gbogbo ìlú. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, nígbà tí àwa ń múra ìsìn àìsùn àbí tí à ń yin báńgà, àwọn tẹ́ńpìlì ibẹ̀ máa ń lu agogo wọn. Ìgbà 108 ni. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń lu 107 kí ọdún tó parí, wọ́n á fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ọdún tuntun.

8/
Agogo yẹn kì í ṣe agogo ilé ìwé o. Ti tẹ́ńpìlì Chion-in ní Kyoto, 1636 ni wọ́n rọ ọ́, ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 70. Àlùfáà 17 ló ń lù ú. Ìtì igi ńlá kan so rọ̀ níwájú agogo, àwọn 16 á fa okùn ẹ̀, ẹnì kan á di okùn tiẹ̀ mú, á fi gbogbo ara dà sẹ́yìn, kí igi náà tó lọ gbá agogo. Ẹ wá fojú inú wo ìyẹn nígbà 108 nínú òtútù.

9/
Kí wá ni wọ́n ń kà? Orúkọ ẹ̀ lédè wọn ni bonnō: àwọn nǹkan tó ń da ọkàn èèyàn rú. Ojúkòkòrò, ìbínú, ìlara, ìgbéraga, àìmọ̀kan, àtàwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò wọn. Wọ́n gbà pé 108 ni. Ìlù kan fún ìdààmú kan. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà yìí kì í ṣe nọ́ńbà oríire. Iye wàhálà tó wà nínú èèyàn ni.

10/
Ẹ máa sọ pé: ta ló jókòó ka wàhálà ọkàn tó fi pé 108? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìṣirò kan wà nínú ìwé àtijọ́ wọn lédè Pali tó ń jẹ́ Aṭṭhasata Sutta. Orúkọ ìwé náà gan-an ní nọ́ńbà yìí nínú. Ẹ bá mi ká lọ.

11/
Ọ̀nà 6 ni ayé ń gbà wọnú wa: ojú, etí, imú, ahọ́n, ara, àti ọkàn. Ohun tó bá wọlé lè dùn mọ́ wa, ó lè dùn wá, ó sì lè má ṣe ká kan. 6 lọ́nà 3, 18. Ìmọ̀lára yẹn lè jẹ́ ti ẹni tó ṣì rọ̀ mọ́ ayé, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ti ń jọ̀wọ́ ayé lọ́wọ́. 18 lọ́nà 2, 36. Ó lè jẹ́ ti àná, ti òní, tàbí ti ọ̀la. 36 lọ́nà 3? 108.

12/
Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ sí yín lọ́dún tó kọjá tẹ́ ẹ ṣì ń rò lóru. Fọ́tò ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ rí láàárọ̀ yìí tí inú yín kàn dédé bàjẹ́. Èsì ìdánwò tí kò tíì jáde tó ti ń jẹ yín lọ́kàn. Gbogbo ẹ̀ ló ní àyè tiẹ̀ nínú ìṣirò yẹn.

13/
Ṣùgbọ́n ìṣirò kan ṣoṣo kọ́ ló wà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn náà kan ka 98 tó fara sin sínú ọkàn, wọ́n fi 10 míì kún un. 108. Ní Jàpáànù, gbólóhùn kan wà fún ìyà ilé ayé, shiku hakku. Ó dún létí bíi 4, 9, 8, 9. 4 lọ́nà 9 jẹ́ 36, 8 lọ́nà 9 jẹ́ 72. Ẹ rò ó pọ̀. 108 náà ni.

14/
Tí ọ̀nà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra bá já síbì kan náà, ó yẹ ká fura. Lójú tèmi, nọ́ńbà náà ló kọ́kọ́ dé, àwọn àlàyé ló tẹ̀ lé e. Ibo ló ti wá nígbà yẹn? Ẹ mú Shiva tẹ́ ẹ fi sápò jáde.

15/
Íńdíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ẹ̀sìn Búdà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀sìn Híńdù ti wá. Àwọn awòràwọ̀ ibẹ̀ pín ojú ọ̀run sí ibùwọ̀ 27 tí òṣùpá ń gbà kọjá, ibùwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní apá 4. 27 lọ́nà 4, 108. Ẹlẹ́sìn Híńdù máa ń ka orúkọ 108 fún òrìṣà wọn, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn sì ní ẹyọ 108. Nígbà tí ẹ̀sìn Búdà kúrò ní Íńdíà lọ sí Ṣáínà, Tibet àti Jàpáànù, ó gbé nọ́ńbà yìí dání bí ẹni tó gbé ìkòkò ìyá ẹ̀ lọ ilé ọkọ.

16/
Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn gan-an nitan ẹ̀ wù mí jù. Ó jọ tẹ̀sùbáà táwọn Mùsùlùmí wa ń fà, àmọ́ ẹyọ 108 ni. Ìwé kékeré kan wà lédè Ṣáínà, tí wọ́n ka ìtumọ̀ rẹ̀ sí ayé ìjọba Jin ti Ìlà-Oòrùn (317–420). Ó sọ̀rọ̀ ọba ìlú kékeré kan tó ránṣẹ́ sí Búdà.

17/
Ohun tí ọba náà ní kí wọ́n lọ sọ rèé, tá a bá sọ ọ́ lédè tiwa: ogun ò jẹ́ kí ìlú mi sinmi, oúnjẹ ti wọ́n, àìsàn ń pa àwọn èèyàn mi, mi ò rí oorun sùn. Ẹ̀kọ́ yín jinlẹ̀, ó sì pọ̀, mi ò ráyè kọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ fún mi ní èyí tí ọwọ́ mi lè ká.

18/
Búdà ò ní kó wá kàwé. Kò ní kó fi oyè sílẹ̀. Ó ní kó wá hóró igi ọṣẹ 108, èso igi tí wọ́n fi ń fọ nǹkan, kó sín in sókùn, kó máa mú un kiri. Bó ń rìn, bó jókòó, bó dùbúlẹ̀, kó pe Búdà, kó pe ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó pe àwùjọ rẹ̀, kó sún hóró kan. Kó tún pè, kó tún sún òmíì. Tó bá ń ṣe é lọ títí tó fi pé mílíọ̀nù kan, ìdè 108 tó de ọkàn rẹ̀ á já.

19/
Ṣé ẹ rí i pé hóró ọṣẹ ni? Ohun ìfọ̀dọ̀tí. Ẹ sì wo ẹni tó béèrè: ẹni tí wàhálà ti bò mọ́lẹ̀ tí ò mọ ibi tó ti máa mú un. Àwa Yorùbá, tí nǹkan bá pọ̀ kọjá sísọ, a máa ń ní àìlóǹkà ni. Ohun tí 108 ṣe nìyẹn: ó mú ìyà àìlóǹkà, ó fún un lóǹkà. Ohun tó bá sì ti lóǹkà, èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti orí oókan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

20/
Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀: “Jìnnà tí oòrùn jìnnà sí ayé, ìlọ́po 108 ìbú oòrùn ni! Àwọn àgbà yẹn ti mọ̀!” Ẹ sùúrù. Ti oòrùn jẹ́ nǹkan bíi 107.5, ti òṣùpá sún mọ́ 111. Ó sún mọ́ ọn, kì í ṣe òun gan-an. Àlàyé tí agogo àti ìlẹ̀kẹ̀ gbé dání, ọkàn èèyàn ló ń tọ́ka sí.

21/
Ẹ tún wo Borobudur, tẹ́ńpìlì ńlá ní Java, Indonesia. Ère Búdà 432 ló wà láwọn ìpele onígun mẹ́rin ẹ̀. 108 lọ́nà 4! Àwọn èèyàn á pariwo. Ṣùgbọ́n 72 míì wà lókè pátápátá, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 504, èyí tí 108 ò pín dọ́gba. Ojú tó bá ń wá 108 kò ní ṣàì rí 108. Ẹ máa ka gbogbo ère kẹ́ ẹ tó pariwo.

22/
Èèyàn náà sì máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ mú un pé. Ní erékùṣù Shikoku, Jàpáànù, ọ̀nà ìrìn àjò mímọ́ kan wà tí wọ́n ń rìn ní ìrántí àlùfáà Kūkai (774–835). Tẹ́ńpìlì 88 ni, nǹkan bíi kìlómítà 1,200. Nígbà tó yá, wọ́n to tẹ́ńpìlì 20 míì mọ́ ọn. 88 àti 20? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ 108 níbẹ̀, àfi kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn ín.

23/
Èyí tó kẹ́yìn ló wúwo jù. Ní oṣù Kejìlá 2003, àwọn ọmọ ogun Bhutan jà pẹ̀lú àwọn ọlọ̀tẹ̀ láti Assam, Íńdíà, tí wọ́n pàgọ́ sínú igbó wọn. Àwọn ọmọ ogun kan ò padà wálé. Ìyá Ọba, Ashi Dorji Wangmo Wangchuck, ní kí wọ́n kọ́ ilé ìrántí kéékèèké sórí òkè Dochula, tó ga tó nǹkan bíi mítà 3,100. Kò kọ́ ẹyọ kan gàgàrà. 108 ló kọ́. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá láti Thimphu lọ sí Punakha máa rí wọn, funfun pẹ̀lú ìgbátí pupa, wọ́n tò yí òkè náà ká.

24/
Ọ̀fọ̀ ò ṣeé gbé lẹ́ẹ̀kan. Òkúta kan lórí òkúta kan, ilé kan tẹ̀ lé ilé kan, títí á fi pé. Bákan náà ni ìbínú àti ìlara ò ṣeé já dànù lọ́jọ́ kan. Ní Jàpáànù lóde òní, àwọn tẹ́ńpìlì kan ti gbé lílu agogo wá sí ọ̀sán torí àwọn aládùúgbò ń ráhùn pé ariwo ò jẹ́ kí àwọn sùn. Wọ́n yí àkókò padà. Wọn ò dín 108 kù.

25/
Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya fọ́tò aago nígbàkúùgbà tó bá lu 11:11, tẹ́ ẹ̀ ń wá “nọ́ńbà áńgẹ́lì” tó máa sọ pé owó ń bọ̀, mi ò bá yín jà. Àmọ́ 108 ò ṣèlérí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló gbé wá. Ó ní: ohun tó ń dà yín láàmú nìyí, iye ẹ̀ nìyí, ẹ mú àkọ́kọ́.

Tí nọ́ńbà kan bá ń tẹ̀ lé yín kiri, ẹ bi í léèrè: iṣẹ́ wo lo gbé wá? Kẹ́ ẹ sì pín ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ò tíì sùn.