Ẹrù Tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Àwọn Ará Ìbàràpá Jọ Rù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín kì í ṣe ti ogun tàbí ti oyè jíjẹ, èyí tí ìtàn ilẹ̀ wa kún fún. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ ni, àti ti àwọn ará ìlú tí ó gbà wọ́n ní àlejò. Nígbà tí Yunifásítì bá rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú kan kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n, ta ni ó jẹ gbèsè fún ta? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yára dáhùn pé ará ìlú ni ajigbèsè. Ìtàn Ìbàràpá kò jẹ́ kí a lè dáhùn bẹ́ẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1884, Samuel Barnett, àlùfáà ní Whitechapel, àdúgbò àwọn tálákà ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú Henrietta aya rẹ̀, dá Toynbee Hall sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Oxford àti Cambridge lè máa gbé láàrin àwọn tálákà. Barnett gbà pé ẹni tí ó wá kọ́ni yóò kọ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ìgbàgbọ́ yìí dára, ṣùgbọ́n ilé àwọn àlejò ni ilé náà.

Ní tiwa, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, a sì ṣí ilé-ìwòsàn ńlá rẹ̀ ní 1957. Ọmọ-ẹ̀kọ́ tí ó bá rí aláìsàn lórí ibùsùn nìkan kò lè mọ irú omi tí ó ń mu, tàbí iye máìlì tí ó rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nítorí náà ni Yunifásítì fi bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pa ọwọ́ pọ̀ ní 1963, tí Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà sì ràn wọ́n lọ́wọ́, tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàràpá. Ìgbó-Ọrà ni ibùdó rẹ̀. Àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ oníṣègùn a lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀, wọn a tọ́jú aláìsàn, wọn a sì máa wọ ilé dé ilé.

Ìjọba mú ilé-ìwòsàn wá, Yunifásítì mú olùkọ́ wá. Kí ni àwọn ará ìlú mú wá? Wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn wọn, wọ́n sì jẹ́ kí a kọ iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tí ó kú sílẹ̀, ní ilẹ̀ tí a kì í ti í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ẹ̀bùn yìí kì í ṣe kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé ìṣirò owó kankan.

Ṣùgbọ́n Ìdèrè ni a ti rí pípín ẹrù náà gbangba. Àìsàn sòbìà ń yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mu omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí kòkòrò tíntìntín tí ó gbé ọmọ sòbìà wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ yóò le fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni aràn gígùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ jáde, lọ́pọ̀ ìgbà ní ẹsẹ̀. Bí ó bá sì ki ẹsẹ̀ náà bọ omi, ó ti gbìn ín fún ẹlòmíràn. Àgbẹ̀ a jókòó sílé nígbà tí oko ń pè é. Àwọn olùkọ́ láti Ìbàdàn mọ gbogbo èyí. Ohun tí wọ́n ní láti gbọ́ lẹ́nu ará ìlú ni pé ọ̀pọ̀ gbà pé sòbìà wà nínú ara olúkúlùkù láti ìgbà ìbí rẹ̀, bí iṣan. Ẹni tí ó gbà bẹ́ẹ̀, kí ni yóò fi omi sísẹ́ ṣe?

Nítorí náà, ní ìparí àwọn ọdún 1970, a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn ní iṣẹ́ ìlera, àwọn abúlé ni ó sì yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, aṣọ náílọ́ọ̀nù tí a fi ń sẹ́ omi dé. Àwọn télọ̀ ìlú ni ó rán an, àwọn tí abúlé yàn ni ó sì ń tà á. Àwọn kan lè wí pé ọ̀fẹ́ ni ó yẹ kí ó jẹ́. Àwa rò pé ohun tí télọ̀ ìlú lè rán ni a lè tún rán nígbà tí ọmọ-ẹ̀kọ́ bá ti lọ. Síbẹ̀, ẹni tí kò ní owó ńkọ́?

Ní 1979, Robert Sigmon ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé nínú irú iṣẹ́ báyìí, ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ ni kí ó máa darí ìrànlọ́wọ́ náà. Ó rọrùn láti kọ ju láti ṣe lọ. Ọmọ-ẹ̀kọ́ dé, ó lo ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó gba oyè rẹ̀. Ará ìlú ṣẹ́kù pẹ̀lú omi rẹ̀. Olùkọ́ kọ ìwé tí a ń kà ní òkè òkun, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn ni ó lè kà á? Lójú tiwa, gbèsè Yunifásítì kò parí títí yóò fi mú ohun tí ó rí padà fún wọn ní èdè wọn, tí àwọn tí ó ń bọ̀ yóò sì máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn tí ó lọ dé. Ti ìlú ni láti má ṣe fi ẹni tí wọ́n yàn sílẹ̀ láìní olùrànlọ́wọ́. Aṣọ asẹ́ kò sì lè rọ́pò kànga: ẹrù ìjọba nìyẹn, kò sí ní ìkáwọ́ ọmọ-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí a wá sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, àwọn tí ó ní in lé ní 650,000. Irú àwọn òṣìṣẹ́ abúlé bẹ́ẹ̀ ni a gbé ìjà náà lé lọ́wọ́. Ní 2008 ni a rí ẹni tí ó ní in kẹ́yìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ Ìbàdàn ṣì ń lọ sí Ìgbó-Ọrà. Àìsàn mìíràn ni wọ́n ń bá níbẹ̀.