Láti New Lanark dé Èkó: Ta Ló Ń Ròyìn Oore Ilé-Iṣẹ́ fún Òṣìṣẹ́?

Ní oṣù kìíní ọdún 1800 ni Robert Owen, ọmọ ilẹ̀ Wales, gba àkóso ilé-iṣẹ́ òwú New Lanark ní ilẹ̀ Scotland. Ètò rere pọ̀ lọ́kàn rẹ̀: ilé tó mọ́, ọjà tí kò wọ́n, ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé. Àwọn òṣìṣẹ́ kò dá a lóhùn. Àlejò ni lójú wọn, àlejò náà sì tún wá jẹ́ ọ̀gá. Nínú ìtàn ayé rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, Owen ní ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ló yí wọn lọ́kàn padà. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá òwú dúró, tí ẹ̀rọ dákẹ́ fún oṣù 4, ó san owó iṣẹ́ wọn pé láìyọ kọ́bọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dẹtí sí i. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1816, nígbà tó ṣí gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ ńlá kan síbẹ̀, ó dúró níwájú wọn, ó sì tú èrò rẹ̀ palẹ̀: ohun tó ń ṣe, àti ìdí tó fi ń ṣe é.

Owen yìí kan náà ló gbé igi kékeré alápá mẹ́rin kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: dúdú fún ìwà burúkú, aró fún èyí tí kò dára kò burú, ìyeyè fún dáadáa, funfun fún èyí tó ta yọ. Àwọ̀ tó kọjú síta ló ń sọ bí onítọ̀hún ti ṣe lánàá. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè lọ fẹjọ́ sun Owen. Igi ti Owen fúnra rẹ̀ ni kò sí.

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, ìwé ìròyìn inú ilé-iṣẹ́ gbòde. Lever Brothers, ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tó tẹ ìlú Port Sunlight dó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 1888, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1899. Ti Cadbury, ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ní Bournville, dé ní 1902. Ẹlẹ́sìn Quaker ni ìdílé Cadbury, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣeré, àwọn ilé olọ́gbà tó wà nítòsí fáktọ̀rì náà sì ń jẹ́rìí wọn. Bẹ́ẹ̀, láti erékùṣù São Tomé ni púpọ̀ nínú kòkó wọn ti ń wá, níbi tí àwọn Potogí ti ń fi àwọn ará Àǹgólà ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Láti 1901 ni William Cadbury, ọ̀kan nínú ìdílé náà, ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 1905 wọ́n rán Joseph Burtt lọ wádìí. Ó di 1909 kí wọ́n tó jáwọ́ nínú kòkó ibẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tí wọ́n pe ìwé ìròyìn Standard parí. Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú tí ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n gbà kò ju farthing kan lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ́nì kan. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ríròyìn oore ilé-iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ti yí padà. Obìnrin tó ń di ṣokoléètì ní Bournville lè fojú ara rẹ̀ rí ọgbà. Ẹni tó já kòkó kò sí ní sàkání ojú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un nìkan ló lè mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà ní 1943, Robert Wood Johnson kọ ìwé ìgbàgbọ́ olójú-ewé kan fún ilé-iṣẹ́ ìdílé rẹ̀, Johnson & Johnson. Ó to àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè ojúṣe síbẹ̀: oníbàárà, òṣìṣẹ́, àwùjọ, kí ó tó kan àwọn onípìn-ín. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, James Burke tó ń darí ibẹ̀ kó àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jọ, ó ní bí wọn kò bá gba ìwé náà gbọ́ mọ́, kí wọ́n já a kúrò lára ògiri. Wọ́n jiyàn lé e lórí. Nígbà tí ẹnìkan fi májèlé sínú Tylenol, oògùn ìrora wọn, ní agbègbè Chicago ní 1982, tí ènìyàn 7 kú, wọ́n kó nǹkan bíi ìgò mílíọ̀nù 31 kúrò lórí àtẹ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá jà ló wà lọ́wọ́ wọn láti fi ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ lórí páúdà ọmọdé dé bá ilé-iṣẹ́ kan náà lẹ́yìn náà, nítorí náà kí a má fi wọ́n ṣe ẹni mímọ́.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí tètè kúrò lórí bébà. Láti 2007 ni MTN ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde lóṣù kẹfà fún ọjọ́ 21, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ láàárín àwùjọ. Ní 2012, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà 9 kalẹ̀ fún àwọn báńkì nípa ojúṣe wọn sí àyíká àti àwùjọ, kíkọ́ òṣìṣẹ́ sì wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kun ògiri ilé-ẹ̀kọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi í-méèlì ròyìn rẹ̀ fún un. Àmọ́ ẹ wo ẹnu géètì: sikiọ́ríìtì, àwọn tó ń gbálẹ̀, awakọ̀, àní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka owó nínú báńkì, òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni wọ́n, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń san owó oṣù wọn. Nínú àkọsílẹ̀, àwùjọ kọ́ ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ilé náà kọ́ sì ni wọ́n.