Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Há Sórí Òkè

Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1952, ọkọ̀ ojú irin City of San Francisco ń gba orí òkè Sierra Nevada kọjá ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Òjò dídì rọ̀ kọjá bí wọ́n ti rò. Ó bo ojú irin, ọkọ̀ sì há. Èèyàn 226 ló wà nínú rẹ̀. Iná kú, òtútù ń mú wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n tó dé títì, tí mọ́tò gbé wọn lọ. Gbogbo èrò ló yè. Ṣùgbọ́n òkìtì òjò dídì ya lu òṣìṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ kó o kúrò lọ́nà, ó sì kú. Bí a bá ń ròyìn àwọn tó yè, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ẹni tó ń lanà.